Ìgbì kọjá lára nǹkan bí ẹni pé kò sí níbẹ̀

Gbogbo ìṣirò tí wọ́n ń pè ní inverse problem, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó gbọ́ ìdáhùn, ó wá ń wá ohun tó dáhùn. Ẹ rán ìgbì jáde, ì báà jẹ́ ìgbì ohùn, ì báà jẹ́ ti rádà, ì báà jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó lọ bá nǹkan kan tẹ́ ẹ ò lè fojú rí, ó kọlù ú, ó túká, ẹ wá gba èyí tó túká yẹn sílẹ̀ lókèèrè, ẹ fi ṣe ìṣirò padà sẹ́yìn títí tẹ́ ẹ fi mọ ibi tí nǹkan yẹn wà, bó ṣe rí, àti ohun tó wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ inú oyún nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tó ti sán nínú irin láì gé irin náà nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló dúró lórí ohun kan tí èèyàn kì í sábà bi ara ẹ̀ léèrè: pé tí nǹkan bá ti wà níbẹ̀, ìgbì ò lè kọjá lára ẹ̀ kó má túká.

Ó lè kọjá o. Nǹkan wà níbẹ̀ gbọingbọin, ó tóbi, ìgbì sì wọ inú ẹ̀ lọ, ó jáde lódìkejì láì mú àmì kankan dání pé òun pàdé ohunkóhun lọ́nà. Ó dà bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ẹ ò mọ̀ bóyá ilé ṣófo ni àbí ẹni tó wà nínú ilé ló dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó sì ń fà mí padà sí i ni pé a ò lè sọ pé nǹkan kan “kì í tú ìgbì ká” ká sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìgbì wo? Fíríkúẹ́ńsì wo, ìyẹn iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Ìgbì àti nǹkan ló jọ ni àìtúká yẹn, bí ẹ bá yí ọ̀kan nínú méjèèjì padà díẹ̀, ó ti bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn jù, níbi tí ìgbì ò ti ní ju ọ̀nà méjì lọ, síwájú tàbí sẹ́yìn nìkan ló lè lọ. Ẹ gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan dínà ẹ̀, kó jẹ́ nǹkan tí ìgbì máa ń falẹ̀ nínú ẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí nǹkan náà nípọn tó ìdajì gígùn ìgbì kan, tá a bá wọn ìgbì ọ̀hún níta. Ká ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ìdajì ìgbì ló máa wọ àyè yẹn. Àmọ́ torí pé ìgbì falẹ̀ nínú ẹ̀, ó sún kì, ìgbì kan àti ààbọ̀ ló wá wọ àyè kan náà. Láti ìdajì dé ọ̀kan àti ààbọ̀, odindi ìgbì kan ló fi lé, odindi ìgbì kan ò sì yí nǹkan kan padà torí ìgbì tó bá ti yípo tán á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Torí náà bí ìgbì ì bá ṣe jáde ká ní ọ̀nà ṣófo, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe jáde. Àwọn èyí tó fẹ́ padà sẹ́yìn ńkọ́? Èyí tó ta padà lójú àkọ́kọ́ àti àwọn tó ń ta padà látojú kejì pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ẹ lè fi bébà àti bírò ṣe é, kò ju ìlà mélòó kan lọ, mo sì gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ ṣe é, torí ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbọ́ ọ, ọ̀tọ̀ ni kó rí i tí àwọn nọ́ńbà yẹn ń pa ara wọn jẹ.

Ẹ má fi èyí wé nǹkan tí wọ́n máa ń fi ra ojú gíláàsì kí iná má baà máa tàn padà lójú ẹ̀ o. Ìyẹn ń dènà kí ìmọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn ni, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tó kọjá ti pẹ́ nínú gíláàsì, ó sì ti tẹ̀ (ṣebí torí kó lè tẹ̀ ẹ́ lẹ fi wọ gíláàsì), ẹni tó bá dúró lódìkejì tó ní ohun èlò tó dáa á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àìtúká tí mò ń sọ le ju ìyẹn lọ, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ẹ̀dá ayé fúnra ẹ̀ máa ń sún mọ́ ọn nígbà míì. Ní 1921, Carl Ramsauer rí i ní Jámánì pé tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré wọn ò pọ̀ bá ń gba inú gáàsì argon kọjá, eré kan wà tí wọ́n máa ń bá dé tí gáàsì yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dí wọn lọ́wọ́ rárá. Ẹni tó bá rò pé bọ́ọ̀lù kékeré ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ò lè ṣàlàyé ẹ̀ láéláé. Àfi kéèyàn gbà pé ìgbì ni, ìgbì tó bá átọ́ọ̀mù mu rẹ́gí ní eré yẹn.

Ẹ máa sọ pé kí ló wá kàn wá, ṣebí kéèyàn yí fíríkúẹ́ńsì padà díẹ̀ ni. Òótọ́ ni, tí ohun èlò yín bá gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n fi ń wá ìrísí nǹkan, orí fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé e kà. Ní 1996, David Colton àti Andreas Kirsch gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń pè ní linear sampling method, ó rọrùn débi pé ó máa ń yà mí lẹ́nu: ẹ mú ibi kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi dátà tẹ́ ẹ gbà yanjú ìdọ́gba kékeré kan, tí ibẹ̀ bá wà nínú nǹkan náà ìdáhùn á wà níwọ̀n, tó bá wà níta ìdáhùn á ga fíofío. Ẹ kun gbogbo ẹ̀ ní àwọ̀, àwòrán nǹkan náà á yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kẹ́ ẹ tó lè fi ìṣirò gbè é lẹ́yìn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé fíríkúẹ́ńsì tẹ́ ẹ lò ò sí lára àwọn kan tó léwu. Àwọn tó léwu yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Orúkọ wọn ni transmission eigenvalue. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ mú àyè tí nǹkan náà gbà, ẹ gbàgbé ìta ná. Nínú àyè yẹn ẹ fọkàn yàwòrán ìgbì méjì, ọ̀kan ń rìn bí ẹni pé nǹkan náà ò sí, èkejì ń rìn gẹ́gẹ́ bí nǹkan náà ṣe ní kó rìn. Ó wá di dandan pé ní etí àyè náà káwọn méjèèjì bára mu, gíga wọn dọ́gba, bí wọ́n ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ gba etí yẹn kọjá náà dọ́gba. Ní ọ̀pọ̀ fíríkúẹ́ńsì, kò sí irú ìgbì méjì bẹ́ẹ̀ àfi kí wọ́n jọ jẹ́ òdo. Àwọn fíríkúẹ́ńsì tí irú ìgbì méjì bẹ́ẹ̀ bá ti wà, àwọn ni transmission eigenvalue. Ìdí tí wọ́n fi ṣe pàtàkì ò ṣòro: tí ìgbì kan bá wọlé tí kò túká rárá, dandan ni kí òun àti ìgbì tó wà nínú nǹkan náà bára mu ní etí, torí níta kò sí ohun tó yàtọ̀. Franz Rellich ti fi hàn láti 1943 pé tí ẹ ò bá rí ìgbì tó túká kankan lọ́nà jíjìn réré, kò sí ìkankan nítòsí náà, títí dé ara nǹkan ọ̀hún.

Kirsch ló kọ́kọ́ kọ nípa wọn ní 1986, Colton àti Peter Monk tẹ̀ lé e ní 1988, fún ìgbà pípẹ́ sì rèé, ìyọlẹ́nu lásán ni wọ́n kà wọ́n sí. Ohun tí wọ́n ń wá ni ẹ̀rí pé wọn ò pọ̀, pé wọ́n jìnnà síra wọn, kéèyàn lè yẹra fún wọn kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kódà àyàfi fún nǹkan róbótó tí inú ẹ̀ rí bákan náà yí ká, kò sẹ́ni tó mọ̀ dájú pé wọ́n wà rárá! Ọdún 2008 ni Lassi Päivärinta àti John Sylvester fi hàn pé wọ́n wà fún nǹkan tí kì í ṣe róbótó, nígbà tó sì fi máa di 2010 Fioralba Cakoni, Drossos Gintides àti Houssem Haddar ti fi hàn pé wọn ò lópin. Ìṣirò yẹn le torí pé ìdọ́gba wọn ò rí bí àwọn tí wọ́n máa ń kọ́ni ní yunifásítì. Òun àti dígí ẹ̀ ò bára mu (non-self-adjoint ni wọ́n ń pe irú ẹ̀), torí náà àwọn nọ́ńbà tó ń jáde lè má jẹ́ ojúlówó nọ́ńbà (real number, irú èyí tí fíríkúẹ́ńsì gidi máa ń jẹ́), àwọn ọ̀nà ìgbàanì ò sì ràn án.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù la dé yìí. Pé ìgbì méjì bára mu nínú nǹkan náà, ìyẹn ò tíì tó. Ìgbì tó ń ṣe bí ẹni pé nǹkan náà ò sí yẹn gbọ́dọ̀ lè kọjá etí jáde, kó máa bá ìrìn ẹ̀ lọ níta gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ìgbì, torí láti ìta ló ti yẹ kó wá. Tí nǹkan náà bá rí róbótó bí bọ́ọ̀lù, tí inú ẹ̀ sì rí bákan náà níbi gbogbo, kò sí wàhálà, fọ́múlà ìgbì yẹn ò mọ̀ pé etí kankan wà, ẹ lè tẹ̀ lé e títí ayé. Torí náà bọ́ọ̀lù ní fíríkúẹ́ńsì tí kò lópin tó lè fi dákẹ́, ní ti àwọn ìgbì kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá rò pé bó ṣe máa rí fún gbogbo nǹkan nìyẹn, pé bọ́ọ̀lù kàn rọrùn láti ṣírò ni.

Ní 2014, Eemeli Blåsten, Päivärinta àti Sylvester gbé èsì kan jáde. Nǹkan tó bá ní igun tó dúró ṣánṣán bíi ti páálí, tí ohun inú ẹ̀ sì yàtọ̀ sí ìta títí dé igun yẹn, gbogbo ìgbì tó bá kàn án ló máa tú ká. Gbogbo ẹ̀ o. Fíríkúẹ́ńsì yòówù, ibi yòówù kó ti wá. Transmission eigenvalue tí kò lópin wà fún un, kò sì sí ìkankan tó lè fi fara pa mọ́ pátápátá. Ó lè fara pa mọ́ díẹ̀ ṣá, torí ẹ lè rí ìgbì tó máa túká níwọ̀n kékeré bẹ́ ẹ bá ṣe fẹ́ kó kéré tó, àmọ́ òdo gangan, rárá. Lẹ́yìn ìgbà yẹn làwọn mìíràn, bíi Mikko Salo, Esa Vesalainen, Johannes Elschner àti Guanghui Hu, fẹ̀ ẹ́ sí àwọn igun tí kò dúró ṣánṣán àti àwọn etí tó mú.

Kí ló dé tí igun fi ń tú àṣírí? Ẹ̀rí wọn lọ báyìí. Tí ìgbì ò bá túká, ìṣirò kan wà tó máa ní láti jẹ́ òdo: ẹ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín inú àti ìta lọ́po ìgbì yẹn, ẹ fi ìgbì mìíràn tó wù yín lọ́po ẹ̀, ẹ ṣe àròpọ̀ ẹ̀ káàkiri inú nǹkan náà, òdo ló gbọ́dọ̀ jáde, láìka irú ìgbì kejì tẹ́ ẹ mú. Nígbà tó jẹ́ pé èyí tó wù yín lẹ lè mú, ẹ mú èyí tó jẹ́ pé ní ṣóńṣó igun nìkan ló ti lágbára, tó ń kú fìrí bó bá ti ń kúrò níbẹ̀. Irú ìgbì yìí ti wà nílẹ̀ láti ìgbà Alberto Calderón ní 1980, Sylvester àti Gunther Uhlmann ló wá sọ ọ́ di ohun ìjà gidi ní 1987. Bẹ́ ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ara nǹkan náà yòókù á parẹ́ nínú ìṣirò, igun nìkan lá kù, igun yẹn fúnra ẹ̀ ò sì lè fún yín ní òdo. Ní etí tó dán, kò sí ṣóńṣó tí èèyàn lè rọ̀ mọ́ báyìí, ìyẹn ló fi lè dákẹ́. Ó sì wúlò, kì í ṣe ẹwà lásán: látinú ìrònú kan náà ni Hu, Salo àti Vesalainen ti fi hàn ní 2016 pé, lábẹ́ àwọn ìlànà kan, ìgbì kan ṣoṣo tó láti fi mọ ìrísí nǹkan onígun púpọ̀.

Ẹ má wá lọ máa kéde pé igun kì í dákẹ́ láéláé o, torí nǹkan tí ìgbì lè wọ inú ẹ̀ là ń sọ. Tó bá jẹ́ nǹkan tí ìgbì ò lè wọ̀ rárá, tó ń fipá mú ìgbì di òdo lára ẹ̀, eré mìíràn ni. Ẹ mú onígun mẹ́rin gbọọrọ, ẹ da ìgbì mẹ́rin tó ń wá láti apá mẹ́rin pọ̀ mọ́ra, tí fíríkúẹ́ńsì àti ìhà tí wọ́n kọjú sí bá ṣe déédéé, àpapọ̀ wọn á ti jẹ́ òdo ní gbogbo etí yẹn fúnra ẹ̀ kó tó di pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ wá gbé onígun mẹ́rin náà síbẹ̀, kò rí nǹkan yí padà. Igun mẹ́rin rèé, ó dákẹ́ minimini. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbì kan ṣoṣo tó ń lọ tààrà ni, ẹ ò lè rí irú ẹ̀, torí agbára ìgbì bẹ́ẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, kò sí ibi tó ti jẹ́ òdo. Pátákó tín-ín-rín tó le náà, tí ìgbì ohùn bá ń rìn lọ gbọọrọ ní ìbámu pẹ̀lú ojú ẹ̀, kò ní tú u ká, ó kéré tán nínú ìṣirò tí kò ka ìfarakínra afẹ́fẹ́ sí.

Èyí tó wá yí ọ̀rọ̀ padà ní tèmi ni ti Salo àti Henrik Shahgholian ní nǹkan bíi 2021. Wọ́n mú nǹkan tí ìgbì lè wọ̀, wọ́n wá béèrè ohun tí etí ẹ̀ gbọ́dọ̀ jọ kó tó lè dákẹ́ fún ìgbì kan. Ìdáhùn wọn: tí ìgbì tó ń bọ̀ ò bá ti jẹ́ òdo níbi tẹ́ ẹ ń wò, yálà kí etí dán níbẹ̀ tàbí kí ìta di tín-ín-rín gan-an níbẹ̀, bí ìgbà tí etí ya wọnú lọ ní ṣóńṣó. Igun tó yọ síta ò lè dákẹ́, ṣóńṣó tó wọnú lè dákẹ́! Lójú èèyàn, ṣóńṣó tó wọnú burú ju igun lọ. Wọ́n kọ́kọ́ rí àpẹẹrẹ ẹ̀ níbi tí fíríkúẹ́ńsì ti jẹ́ òdo, nígbà tó yá àwọn pẹ̀lú Pu-Zhao Kow àti Simon Larson rí i fún fíríkúẹ́ńsì yòókù. Cakoni àti Michael Vogelius náà ń tọ ipa ọ̀nà tó jọ èyí láàárín àkókò kan náà. Ọgbọ́n tí wọ́n lò wá látọ̀dọ̀ ìṣirò etí tí kò dúró sójú kan, irú tí wọ́n fi ń mọ ibi tí yìnyín parí sí tí omi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n máa ń da àìtúká yìí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ àìrí, ìyẹn ìbora tó máa ń mú kí ohun tó wà nínú ẹ̀ má ṣeé rí. Ní 2006, John Pendry, David Schurig àti David Smith kọ bí wọ́n ṣe lè fi ohun èlò àkànṣe yí ìgbì ká, lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dán an wò ní yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà lára sílíńdà kọ́pà pẹ̀lú ìgbì máíkírówéèfù, ó sì dín ìtúká kù lóòótọ́. Àmọ́ aṣọ yẹn fẹ́ dákẹ́ fún gbogbo ìgbì, ó sì nílò ohun èlò tí ìgbì ń rìn nínú ẹ̀ ní eré tó yàtọ̀ láti ìhà kan sí òmíràn. Nǹkan lásán, tí eré ìgbì bá jẹ́ bákan náà ní gbogbo ìhà, ò lè ṣe é: látìgbà Sylvester àti Uhlmann ní 1987 àti Adrian Nachman ní 1988 la ti mọ̀ pé tí ẹ bá rán gbogbo ìgbì sí i láti gbogbo ìhà, fíríkúẹ́ńsì kan ṣoṣo tó láti mọ gbogbo inú ẹ̀. Ó lè dákẹ́ fún ìgbì kan, kò lè dákẹ́ fún gbogbo wọn. Nǹkan tó bá sì ń gbé ẹ̀nájì ìgbì mì, kódà díẹ̀, ò ní transmission eigenvalue kankan tó jẹ́ ojúlówó nọ́ńbà. Ohun tó bá mú nínú ìgbì á fi òjìji sílẹ̀ lódìkejì, bó ti wù kó dúdú tó.

Ohun ìyọlẹ́nu yẹn, transmission eigenvalue, ti wá di ohun èlò báyìí o. Nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ìṣirò máa ń dàrú ní àwọn fíríkúẹ́ńsì yẹn, ẹ kàn gba oríṣiríṣi fíríkúẹ́ńsì kọjá, ẹ máa wo ibi tó ti dàrú, ẹ ti rí àwọn nọ́ńbà náà látìta nìyẹn. Àkọ́kọ́ nínú wọn ò sì lè kéré bó ṣe wù ú. Colton, Päivärinta àti Sylvester fi hàn ní 2007 pé bí nǹkan bá ṣe kéré tó, tí kò sì dín eré ìgbì kù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ á ṣe ga tó. Torí náà tí ẹ bá ti mọ ìrísí nǹkan, nọ́ńbà yẹn á sọ fún yín bí ohun inú ẹ̀ ṣe rí, ó kéré tán ibi tí kò lè kéré sí. Cakoni àti Colton ti ń lò ó láti ọdún 2008 láti fi yẹ ohun èlò wò láì bà á jẹ́.

Ìbéèrè kan ṣì wà níbẹ̀ tó jọ pé ọmọdé lè béèrè ẹ̀. Ẹ mú àyè kan tí kò ní ihò nínú, kí gbogbo inú ẹ̀ máa pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, ní agbára kan náà, lórí fíríkúẹ́ńsì kan. Tí àyè náà bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn fíríkúẹ́ńsì kan wà tí ariwo ò ní jáde síta rárá. Ṣé ìrísí mìíràn wà tó lè ṣe é, yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù? Dimitrie Pompeiu ló dá ìbéèrè tó bí èyí sílẹ̀ ní 1929. Ní 1981 Stephen Williams fi hàn pé tí irú ìrísí bẹ́ẹ̀ bá wà, tí etí ẹ̀ ò sì rí wúruwùru jù, etí yẹn gbọ́dọ̀ dán dé ibi tí ìṣirò ò lè béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọ́dọ̀ ní igun kankan. Ọ̀pọ̀ gbà pé bọ́ọ̀lù nìkan ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn.